Ẹni tí ó Gba Ẹjọ́ Ìlú Rò

Nínú àwọn orúkọ iṣẹ́ tí ó wọ inú èdè wa lẹ́yìn tí Òyìnbó gbé ilé ẹjọ́ tirẹ̀ dé, èyí tí ó wù mí jù ni agbẹjọ́rò. Bí a bá tú u palẹ̀, a óò rí i pé ẹni tí ó ń gba ẹjọ́ rò ni. Òun kọ́ ni ó ni ẹjọ́. Ẹlòmíràn ni ó ni ín; òun gbà á lọ́wọ́ onítọ̀hún, ó sì gbé e lọ síwájú adájọ́. Ẹni tí ó ni ẹjọ́ fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ náà bí kóró ṣe ń fara pamọ́ sínú èso. Ṣùgbọ́n ẹ wo aṣòfin. Ẹni tí ó ń ṣe òfin ni, ó parí. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ ẹni tí ó rán an níṣẹ́, kò sì sọ ẹni tí òfin náà yóò dé bá. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà tí a bá ń kọ́ nípa ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ, mo sì ti rí i pé ohun tí ó wà láàrin wọn ju gírámà lọ. Ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò ni ó ti di aṣòfin ní ilẹ̀ wa. Bí agbẹjọ́rò bá wá di aṣòfin, ẹjọ́ ta ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀?

Àgbádárìgì, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Badagry, ni mo fẹ́ kí a ti wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé etí òkun náà ti rí ohun tí ojú ènìyàn ń rí bí kò bá sí ẹni tí yóò bá a gba ẹjọ́ rò. Ní 1827, lẹ́yìn tí Clapperton kú ní Sókótó, ìránṣẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ Richard Lander sọ̀ kalẹ̀ wá sí Àgbádárìgì kí ó lè wọ ọkọ̀ padà sí ìlú rẹ̀. Àwọn ará Potogí tí ń ṣòwò ẹrú níbẹ̀ lọ sọ fún ọba pé amí ni. Wọ́n mú un lọ sí ilé òrìṣà, wọ́n gbé omi èèpo igi olóró fún un nínú igbá: bí ó bá jẹ̀bi, yóò kú, bí kò bá jẹ̀bi, yóò yè. Ó mu ún. Nígbà tí ó padà dé ibùwọ̀ rẹ̀, ó yára bì í jáde, ó sì yè. Òun tìkára rẹ̀ ni ó kọ ìtàn yìí sílẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ bí a ti í gbẹjọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn ni wọ́n pa òwe náà. Ní agboolé, ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn ní baba àti ìyá, ó ní àgbà ìdílé tí yóò dọ̀bálẹ̀ tí yóò sì bá a wí tẹnu rẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹnikẹ́ni ni àjèjì. Àjèjì ni Lander. Àjèjì náà sì ni àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí wọ́n dè ní ẹ̀wọ̀n, tí wọ́n kó kọjá ọ̀sà lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú, tí ọkọ̀ gbé lọ. Lander yè, ó sì kọ̀wé. Ẹjọ́ ti àwọn yòókù kò sí ẹni tí ó gbà á rò, kò sì sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní 1861 ni Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, ní 1863 ni Àgbádárìgì bọ́ sábẹ́ ìjọba Èkó náà. Òfin tuntun dé pẹ̀lú adájọ́, akọ̀wé àti ọlọ́pàá. Ní 1876 wọ́n dá Kóòtù Gíga sílẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́yà tí ó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kò tó. Nítorí náà, òfin gba adájọ́ àgbà láyè láti fún àwọn ọ̀mọ̀wé díẹ̀ tí wọ́n ti fi ojú ara wọn ka ìwé òfin ní ìwé àṣẹ oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, kí wọ́n lè máa gbẹjọ́ rò. Inú ayé bẹ́ẹ̀ ni Christopher Alexander Sapara Williams dé sí.

Freetown, ní Sàró, ni wọ́n ti bí i ní oṣù Keje 1855, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Ó kàwé ní Sàró àti ní Sheffield, ó kọ́ òfin ní Inner Temple ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì pè é sínú ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá 1879. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó di lọ́yà báyìí nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1888 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Ẹ ṣàkíyèsí orúkọ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tí ó jẹ́ dókítà, Oguntola Sapara, ẹni tí ó wọ inú ẹgbẹ́ awo Ṣọ̀pọ̀ná kí ó lè mọ bí ìgbóná ṣe ń ràn, fi Williams sílẹ̀ pátápátá. Ẹ̀gbọ́n kò fi í sílẹ̀. Ó fi Sapara ṣáájú rẹ̀. Ojú ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ méjì ni mo fi ń wò ó: ọ̀kan fún kóòtù, ọ̀kan fún ilé.

Ohun tí àwọn ènìyàn ìgbà náà fi mọ̀ ọ́n jù ni pé ó gbọ́ òfin àbáláyé tí a kò kọ sínú ìwé. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Bí ẹjọ́ ilẹ̀ ìdílé bá dé iwájú adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì, adájọ́ náà kò mọ ohun tí ń jẹ́ àrẹ̀mọ, kò mọ ìdí-igi, kò mọ ìdí rẹ̀ tí olórí ẹbí kò fi lè dá ilẹ̀ ẹbí tà. Ẹni tí yóò bá ẹbí bẹ́ẹ̀ gbẹjọ́ rò gbọ́dọ̀ mọ èdè adájọ́, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ń bẹ nínú ẹlẹ́jọ́ tí kò lè fi èdè náà sọ. Bí ó bá mọ ọ̀kan tí kò mọ èkejì, ẹjọ́ ti bàjẹ́ kí ó tó dé kóòtù.

Ní 1901 ni gómìnà fi í sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó. Kò sí ìbò nígbà náà. Gómìnà ni alága, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó pọ̀ jù, wọ́n sì ní láti dìbò bí gómìnà bá ti fẹ́. Ọmọ ilẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n mú mọ́ wọn. Bí ènìyàn bá fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́ ní irú ibi bẹ́ẹ̀, kí ó máa mi orí, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Ta ni yóò bi í? Ẹni tí ó yàn án nìkan ni ó lè yọ ọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni a ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Ẹni bá fi ojú kan wo òwe náà yóò rò pé gómìnà ni ó rán Sapara Williams níṣẹ́. Lójú tèmi, òun kò rí i bẹ́ẹ̀. Ó rí gómìnà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a óò jẹ́ iṣẹ́ fún. Àwọn ará ìlú tí kò dìbò yàn án ni ó kà sí arániníṣẹ́.

Ẹ wo ẹ̀rí mẹ́ta. Ní 1903 ìjọba gbé òfin ìwé ìròyìn wá: ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ fi onídùúró £250 sílẹ̀. Owó ńlá ni nígbà náà, àwọn tí ó ní in kò sì pọ̀ nínú àwọn tí ó ní ohun láti sọ. Sapara Williams àti àwọn ọmọ ilẹ̀ tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ tako òfin náà. Ìjọba fi iye ìbò borí wọn. Ní 1904 ó dá àbá pé kí wọ́n tún ààlà Ìhà Gúúsù àti Ìhà Àríwá pín, kí gbogbo àwọn tí ń sọ èdè Yorùbá lè wà lábẹ́ àkóso kan ṣoṣo. Lugard kọ̀, ó ní ìbátan àti èdè kò tó ètò àkóso. Ní 1909 wọ́n mú òfin ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ wá, èyí tí yóò sọ ẹni tí ó bá fi ìjọba bú di ọ̀daràn. Sapara Williams tún dìde. Ó ṣàlàyé pé kò sí nínú ìwà Yorùbá láti dìtẹ̀, àti pé òfin bẹ́ẹ̀ yóò di ohun èlò ìnira lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ òtítọ́. Wọ́n ṣe òfin náà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta dìde, ẹ̀ẹ̀mẹta ṣubú. Ẹni tí ó ń ka iye ìbò yóò wí pé iṣẹ́ asán ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Sapara Williams kú ní oṣù Kẹta 1915. Ní 1916 wọ́n ju James Bright Davies, olóòtú ìwé ìròyìn *Times of Nigeria*, sẹ́wọ̀n nítorí ohun tí ó kọ nípa ìjọba. Ohun tí olóògbé náà sọ tẹ́lẹ̀ ṣẹ kí ọdún méjì tó pé lórí sàréè rẹ̀. Ní ti ààlà, wọ́n tún gbé ẹjọ́ Ìlọrin àti Kàbà wá síwájú ìgbìmọ̀ Willink ní 1957 àti 1958. Ààlà kò yẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè pe ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ àná mọ́; ó ti wà nínú ìwé fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Agbẹjọ́rò mọ èyí ju gbogbo wa lọ. Ẹjọ́ tí a kò rò ti kú. Ẹjọ́ tí a rò tí a sì jẹ̀bi ṣì lè lọ sí kóòtù kejì.

Ààlà tí Sapara Williams bá jà ní 1904 wà ní àríwá. Ṣùgbọ́n ààlà kan wà tí kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí wọ́n bi léèrè nípa rẹ̀ rárá. Ní oṣù Kẹjọ 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Paris, wọ́n fa ìlà láti etí òkun lọ sókè. Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ bọ́ sí ọ̀dọ̀ Faransé. Àgbádárìgì àti Ìpókíá bọ́ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ègùn wà ní ìhà méjèèjì, Yorùbá wà ní ìhà méjèèjì. Mo ti jókòó ti bàbá àgbà kan ní abúlé apẹja kan tí kò jìnnà sí Sẹ̀mẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ìwọ̀-oòrùn, ó ní sàréè bàbá òun wà lọ́hùn-ún. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ilé, ó ní oko àgbọn òun nìyẹn. Ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè ilẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ 2019, wọn kò sì ṣí ti Sẹ̀mẹ̀ títí di oṣù Kejìlá 2020. Láàrin ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kú ní òdìkejì. Wọ́n sin ín láìsí àbúrò nídìí pósí.

Ó bi mí pé, “Dókítà, ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ta ni ó bá wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀?”

Bí mo bá fẹ́ fi òfin dá a lóhùn, ìdáhùn kò le. Ọ̀rọ̀ ẹnubodè kì í ṣe ti ìpínlẹ̀. Aṣòfin ìpínlẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Sapara Williams náà kò ní kọ́kọ́rọ́ ààlà àríwá lọ́wọ́. Ó rò ó bẹ́ẹ̀ náà.

Àtìgbà náà ni ọ̀nà tí àwọn ará etí òkun fi ń rán ẹnìkan lọ ṣòfin ti ń yí padà. Ní 1923 ni wọ́n kọ́kọ́ dìbò, ṣùgbọ́n Èkó àti Calabar nìkan ni, ọkùnrin tí owó rẹ̀ tó £100 lọ́dún nìkan ni ó sì lè dì í. Lọ́yà méjì, Egerton Shyngle àti Eric Moore, àti dókítà kan, Adeniyi Jones, ni Èkó yàn. Àgbádárìgì kò dìbò. Ní 1951 wọ́n so ó pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn, Ìbàdàn sì di ibi tí wọ́n ti ń ṣòfin fún un; ọba ìlú náà, C. D. Akran, di mínísítà ní ìjọba ibẹ̀. Ní 1967 wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Àgbádárìgì padà sọ́dọ̀ Èkó. Ní 1979 ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ náà kọ́kọ́ jókòó. Lónìí, ọmọ ilé náà jẹ́ 40, Àgbádárìgì ní àga méjì.

Àwọn 40 náà ní ohun tí Sapara Williams kò ní: ìbò. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìṣòro tí kò sí ní kóòtù. Ní kóòtù, ẹlẹ́jọ́ máa ń jókòó lẹ́yìn lọ́yà rẹ̀. Ní ilé aṣòfin, ẹlẹ́jọ́ wà nílé, ní ìdí àwọ̀n, ní ìdí ààrò ẹja. Bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń rò ó, ṣé a lè wí pé wọ́n bá a rò ó?

Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 97, sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ yóò máa lò, ṣùgbọ́n bí ilé bá fọwọ́ sí i, wọ́n tún lè lo èdè kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú èyí tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà gan-an, ọ̀rọ̀ yìí dé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó. Wọ́n kọ Yorùbá. Wọ́n ní Èkó jẹ́ ìlú gbogbo ayé. Wọ́n tún ní yóò dín iyì òye àwọn aṣòfin kù. Ní gbogbo ọdún tí mo ti fi kọ́ni ní èdè yìí, n kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó dùn mí tó ìyẹn. Èdè tí Ifá fi ń sọ̀rọ̀, èdè tí àwọn ìjòyè fi ń la ìjà ilẹ̀ kí Lander tó dé Àgbádárìgì, òun ni yóò dín òye ẹni kù! Lẹ́yìn náà, ilé kan náà yí ohùn padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá jíròrò ní àwọn ọjọ́ kan, ní 2018 sì ni gómìnà Akinwunmi Ambode buwọ́ lu òfin pé kí gbogbo ilé ìwé máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Inú mi dùn sí i. Síbẹ̀ òfin ilẹ̀ wí pé èdè kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ègùn ni èdè ìyá ọ̀pọ̀ ènìyàn ní etí òkun yẹn. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe sí Yorùbá tí ó dùn wá, kò yẹ kí àwa Yorùbá fi ṣe Ègùn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí mo kọ́ ní Yorùbá kí ó tó lọ kọ́ òfin. Ọmọ Ègùn ni, láti abúlé kan ní etí òkun náà. Ó ti ń gbẹjọ́ rò fún bí ọdún mẹ́wàá kí ó tó wá kí mi ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan.

Ó ní, “Sà, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Wọ́n ní kí n wá díje sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin.”

Mo ní, “Àwọn wo ni wọ́n ní?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa ni, sà.”

“Àwọn ará abúlé rẹ ńkọ́?”

“Wọn yóò gbọ́ bí ó bá yá, sà.”

Mo bi í bóyá ó ti gba ẹjọ́ rò rí láìjẹ́ pé ẹlẹ́jọ́ mọ̀. Ó ní irú rẹ̀ kò sí. Wọn yóò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òun. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun kan tí n kò gbàgbé. Ó ní ìyá kan wà tí òun ń bá ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Bí òun bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ gígùn fún adájọ́, ìyá náà a fa ẹ̀yìn aṣọ dúdú òun, a bi òun ní Ègùn pé, kí ni o sọ nípa mi? Òun a sì ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí òun ṣàlàyé kí òun tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní ní ìgbà mìíràn, bí òun bá ti ń ṣàlàyé ni òun ń rí i pé ohun tí òun sọ kò rí bẹ́ẹ̀.

Mo sọ fún un pé kò sí ẹni tí yóò fa aṣọ rẹ̀ ní ilé aṣòfin. Àwọn tí ó sún mọ́ ọn tó láti fà á kò ní fẹ́ fà á, àwọn tí ó fẹ́ fà á kò ní dé ìtòsí. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbé aṣọ náà lọ bá wọn. Mo ní kí ó lọ láti abúlé dé abúlé kí ó tó gba fọ́ọ̀mù ẹnikẹ́ni, kí ó jókòó, kí ó fi Ègùn bèèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n fẹ́ kí òun gba ẹjọ́ wọn rò, àti pé ẹjọ́ wo ni. Mo ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá tí oko àgbọn rẹ̀ wà níhìn-ín tí sàréè baba rẹ̀ wà lọ́hùn-ún.

Ó ní òun yóò rò ó. Bí ó bá lọ, yóò rí ẹjọ́ gbà. Bí kò bá lọ, ó ṣeé ṣe kí ó wọlé bẹ́ẹ̀ náà, kí wọ́n sì máa pè é ní aṣòfin.